Òórùn Yàrá Aṣọ

Bí àwọn ará ilé bá pè mí lórí fóònù, ọ̀rọ̀ Kábà ni wọ́n máa ń fẹ́ gbọ́ lẹ́nu mi. Wọ́n á ní kí n sọ bó ṣe rí, bí omi Sàmúsámù ṣe ń tutù lọ́nà ọ̀fun, bí èrò ṣe máa ń pọ̀ tó lọ́jọ́ Jímọ̀. Mo máa ń sọ ọ́ fún wọn, torí òótọ́ ni, ojú mi rí i. Ṣùgbọ́n bí mo bá pa fóònù tán tí mo dá jókòó, ohun tí ọkàn mi máa ń lọ bá kì í ṣe Kábà. Òórùn kan ni. Mo gbé pẹ̀lú òórùn náà fún nǹkan bí oṣù mẹ́jọ ní Jẹ́ddà. Ó wọ imú mi, ó wọ aṣọ mi, nígbà tó yá ó wọ inú orí mi, ó sì mú mi ṣe ohun tí n kò rò pé èmi lè ṣe sí ọmọnìkejì mi.

Ìsẹ́yìn ni ilé mi. Iṣẹ́ aránṣọ ni mo ń ṣe níbẹ̀ kí ọkọ mi tó kú. Mo fi ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo ti ìyá mi, mo bá àwọn èèyàn lọ ṣe Úmúrà. Nígbà tí àwọn tí a jọ lọ ń palẹ̀ ẹrù mọ́ láti padà, èmi ò bá wọn padà. Kò sí ohun tí mo fẹ́ sọ nípa ìrìn náà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí àwọn ẹlòmíì ṣe ń dúró ni èmi náà ṣe dúró.

Karantínà ni mo kọ́kọ́ gbé, ní apá gúúsù Jẹ́ddà, níbi tí àwa èèyàn dúdú pọ̀ sí. Yàrá kan ni àwa obìnrin mẹ́fà ń pín. Nílé, ohun tí mo ń rò ni pé ilẹ̀ mímọ́ ni mò ń lọ. N kò rò ó pé ilẹ̀ mímọ́ náà ní gọ́tà. Omi dúdú kan wà lẹ́nu ọ̀nà wa tí kì í ṣàn, tí kì í sì í gbẹ. Àwọn ológbò máa ń ya àpò ìdọ̀tí lójú pópó, wọ́n á fa ìfun adìẹ jáde, oòrùn á sì máa sè é níbẹ̀. Ilé ìwẹ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo ilé ń lò, irun orí àwọn tí n kò mọ̀ sì máa ń lẹ̀ mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, oúnjẹ kò gba ọ̀nà ọ̀fun mi kọjá. Gbogbo nǹkan ló ń rí mi lára. Mo máa ń fi ìborí bo imú, mo máa ń sọ fún ara mi pé èmi kì í ṣe irú èèyàn tó ń gbé irú ibí yìí. Nígbà tó yá ni mo mọ̀ pé ohun tí gbogbo àwa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń sọ fún ara wa nìyẹn.

Ìyá Ràmátù ló ràn mí lọ́wọ́. Ará Ṣakí ni, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó sì ti lo ju ogún ọdún lọ ní ìlú náà. Ẹ̀gbẹ́ ẹní tèmi ni ẹní tirẹ̀ wà. Ọṣẹ ti jẹ awọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun. Àwa méjèèjì ò ní ìkámà, ìwé tí ìjọba fi ń gba àlejò láyè láti gbé ìlú, ṣùgbọ́n òun ti mọ bí a ṣe ń gbé láìní in. Ó kọ́ mi ní mọ́tò tí a ń wọ̀ àti èyí tí a kì í wọ̀. Ó ní bí mo bá rí ọlọ́pàá, n kò gbọdọ̀ yára, n kò sì gbọdọ̀ wẹ̀yìn, torí ẹni tó ń wẹ̀yìn ni wọ́n máa ń bi ní ìwé. Ó kọ́ mi ní èdè Lárúbáwá tí mo lè fi ra nǹkan. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dá lọ sí bàkálà, ìyẹn ṣọ́ọ̀bù kékeré tó wà ní kọ̀rọ̀ wa, tí mo béèrè ẹyin àti àlùbọ́sà, tí ọmọ Yẹ́mẹ̀nì tó ń tajà níbẹ̀ kó o fún mi láìrẹ́rìn-ín, mo rìn padà sílé bí ẹni tó yege ìdánwò.

Òun náà ló mú mi dé ilé tí òun ti ń fọ aṣọ. Ilé àwọn Yorùbá ni, ní apá àríwá ìlú, ní àjà kẹta ilé gíga kan. Ọkọ jẹ́ ẹnjiníà tó wá ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ìwé tó pé. Ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Àlàájà, ló ń tọ́jú ilé àti ọmọbìnrin wọn ọmọ ọdún méje, tí wọ́n bí síbẹ̀. Bí èèyàn bá bá ọmọ náà sọ Yorùbá, Lárúbáwá ló fi ń dáhùn. Ìyá Ràmátù ń lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ láti fọ àwọn aṣọ ńlá. Èmi ni wọ́n gbà fún ojoojúmọ́, láti gbálẹ̀, láti dáná, láti lọ aṣọ. Inú mi dùn débi tí mo sunkún. Mo ní Ọlọ́run ṣeun, ilé àwọn tó gbọ́ èdè mi ni mo bọ́ sí.

Yàrá kékeré kan wà lẹ́yìn ilé ìdáná wọn tí a ń pè ní yàrá aṣọ. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ìfọṣọ wà, ibẹ̀ ni mo ti ń lọ aṣọ, ibẹ̀ ni mo ń gbé báàgì mi sí, ibẹ̀ náà ni mo ti ń kírun. Mukayífù kan wà lára ògiri rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀rọ amúlétutù níbẹ̀ nìyẹn. Apá kejì rẹ̀, àpótí irin tó máa ń pariwo, wà níta lẹ́yìn ògiri kan náà, lórí bákónì kékeré tí Àlàájà máa ń ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ pa nítorí eruku.

Ìgbà tí ooru bẹ̀rẹ̀ sí í mú ni òórùn náà dé. Ní àkọ́kọ́, ó dà bí òórùn aṣọ tútù tí wọn ò sá. Nígbà tó yá, ó dà bíi ti ẹran tí wọ́n gbàgbé sínú ọ̀rá. Mo fọ ilẹ̀, mo fọ ògiri, mo tú ẹ̀yìn ẹ̀rọ ìfọṣọ wò, n kò rí nǹkan kan. Aṣọ tí mo bá lọ̀ tí mo sì ká síbẹ̀ mọ́jú, bí wọ́n bá wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kejì, òórùn náà á bá wọn jáde.

Lọ́jọ́ kan tí Ìyá Ràmátù wá, Àlàájà gbé jalamíà ọkọ rẹ̀ kan wọlé wá bá wa. Ó fi ìka méjì mú un bí ẹni tó mú eku. Kò pariwo. Ó kàn béèrè pé, “Èwo nínú ẹ̀yin méjèèjì ló ń rùn?”

Ìyá Ràmátù rẹ́rìn-ín, ó rò pé eré ni. Èmi wo ilẹ̀.

Nígbà tó ṣe díẹ̀, Àlàájà pè mí sí ilé ìdáná. Ó ní òun mọ̀ pé àwọn àgbà mìíràn kì í lè tọ́jú ara wọn mọ́, kì í ṣe ẹ̀bi wọn. Ó ní kí n sọ òótọ́, ṣé ìyá yẹn ni. Mo mọ̀ pé kì í ṣe òun. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo ń sùn. Ọṣẹ àti àdí àgbọn ni mo máa ń gbọ́ lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rí i pé bí kì í bá ṣe òun, èmi ni. Mo fi ojú inú rí ọmọ mi nílé, mo rí ara mi lórí ìjókòó lásán ní Karantínà. Mo ní, “Ẹ má bínú, Àlàájà. Àgbà ni wọ́n. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀.”

Gbogbo ohun tí mo sọ nìyẹn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti ní kí ìyá má wá mọ́. Mo bá a nínú yàrá aṣọ níbi tó ti ń di bàtà àti aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ sínú ọ̀rá. Kò bi mí bóyá mo sọ nǹkan kan. Ó kàn gbójú sókè, ó ní, “Ìwọ tó ń sùn tì mí, ṣé o ti gbọ́ òórùn kan lára mi rí?”

Mo yíjú sí ẹ̀rọ ìfọṣọ, mo ń tẹ bọ́tìnì tí n kò ní í fi ṣe nǹkan kan.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ló kó kúrò ní Karantínà, tó lọ bá ọmọ rẹ̀ ní Mẹ́kà. Mo sùn síbi tí ẹní rẹ̀ ti máa ń wà lọ́jọ́ tó lọ, torí pé ibẹ̀ sún mọ́ fáànù. Títí di òní, nínú gbogbo ohun tí mo ti ṣe láyé, sísùn tí mo sùn síbẹ̀ yẹn wà lára èyí tó ń rí mi lára jù.

Òórùn náà kò bá ìyá lọ. Ṣe ló ń pọ̀ sí i. Ó ku èmi nìkan nínú yàrá aṣọ, Àlàájà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo èmi náà. Ó kọ́kọ́ ra ọṣẹ fún mi, ó ní òun fi ta mí lọ́rẹ ni. Lẹ́yìn náà ó gbé ọtí kíkan kan fún mi, ó ní kí n máa fi nu abẹ́ apá kí n tó wọ inú ilé. Ó yà mí ní ife àti àwo sọ́tọ̀, ó so òwú pupa mọ́ etí ife náà kí wọ́n má baà ṣèèṣì lò ó. Ó ní kí n má jókòó lórí àga mọ́. Ọmọ tí mo máa ń di irun fún bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ di imú bí mo bá ń bọ̀, á máa wí pé “ríhà, ríhà,” ìyẹn òórùn. Ìyá rẹ̀ kò bá a wí. Bàbá rẹ̀, ẹnjiníà, èèyàn jẹ́jẹ́ tó máa ń pe èmi náà ní Àlàájà, á gbójú sí oúnjẹ rẹ̀. Ìwà jẹ́jẹ́ yẹn náà wá ń sú mi. Ó rí òwú pupa yẹn lójoojúmọ́.

Bí ará ìlú yẹn bá bú mi ní Lárúbáwá lójú pópó, ìdajì rẹ̀ ni mo máa ń gbọ́, ìdajì yòókù á bá afẹ́fẹ́ lọ. Èébú Yorùbá kì í bá afẹ́fẹ́ lọ. Ẹni tó gbọ́ èdè ẹni ló mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dunni jù. Mo ti rò pé bí mo bá ti rí ẹni tó ń sọ èdè mi, mo ti rí ilé. Nínú ilé yẹn ni mo ti mọ̀ pé àwọn kan lè gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu èèyàn kí wọ́n má sì gbọ́ ẹni náà rárá.

Èyí tó burú jù ni pé mo gbà wọ́n gbọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ òórùn náà níbi tí kò sí. Mo ń gbọ́ ọ nínú mọ́tò, mo ń gbọ́ ọ lórí ìrọ̀rí. Mo fi kànìnkànìn onírin, èyí tí a fi ń fọ ìkòkò, ha abẹ́ apá mi títí ó fi ń ṣẹ̀jẹ̀. Nínú mọ́tò, mo máa ń jókòó ti fèrèsé, kí n ki orí síta. Ní Karantínà, mo gbé ẹní mi lọ sẹ́nu ọ̀nà, nítòsí omi dúdú yẹn, torí mo rò pé ibẹ̀ ló yẹ mí. Àwọn tí a jọ ń gbé ní àwọn ò gbọ́ òórùn kankan. Mo ní àánú ló ń ṣe wọ́n.

Ní Jímọ̀ kan, ìyá mi pè. Ó kó àwọn aládùúgbò jọ, ó ní kí n kí wọn. Ó ń pè mí ní Àlàájà mi ní gbogbo ẹnu. Ó ní àwọn tó ti lọ rí ń sọ pé gbogbo ìlú Ànábì ló ń ta sánsán, pé lọ́fínńdà ni wọ́n fi ń fọ ilẹ̀ Mọ́sálásí, ṣé òótọ́ ni. Mo ní òótọ́ ni. Ó ní ara èmi náà á ti máa ta sánsán báyìí. Mo pa fóònù. Nígbà tó tún pè, mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló já.

Kò sí òtútù gidi ní Jẹ́ddà. Ṣùgbọ́n bí ọdún bá ń lọ sí òpin, ooru á rọlẹ̀, òjò á máa halẹ̀, àwọn èèyàn á sì pa mukayífù àwọn yàrá tí wọn ò lò púpọ̀. Ẹnjiníà kì í pe oníṣẹ́ láti wá tọ́jú àwọn àpótí tó wà níta. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń ṣe é lọ́dọọdún, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, tó máa ń fọ̀ wọ́n tó sì máa ń bò wọ́n di ìgbà ooru mìíràn. Lọ́dún yẹn ẹ̀yìn ń dùn ún, kò lè bẹ̀rẹ̀. Ó ń gbé àga sẹ́nu ìlẹ̀kùn bákónì kọ̀ọ̀kan, ó ní kí n jẹ́ ọwọ́ òun.

Ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún mi dáadáa, bí olùkọ́. Mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pa iná rẹ̀ láti ibi tí iná gbogbo ilé ti ń pín, kí n má gbẹ́kẹ̀ lé rìmóòtù. Kí n fi búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ gbá eruku ara àwọn irin tín-ín-rín ẹ̀yìn rẹ̀, láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, kí n má tẹ̀ wọ́n. Kí n tú páánù òkè rẹ̀, kí n fi omi tí kò lágbára fọ̀ ọ́ láti inú bọ̀ síta, kí n jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Kí n wá fi tapólì bo orí àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí n fi ìsàlẹ̀ sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́, torí bí a bá dì í pa, ọ̀rinrin á jẹ irin, eku á sì sọ ọ́ di ilé. A ṣe ti pálọ̀, a ṣe ti yàrá wọn. Èyí tó kù ni ti yàrá aṣọ. Ìlẹ̀kùn bákónì yẹn kò ì ṣí láti ọdún tó kọjá. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ le, mo fi èjìká tì í.

Òórùn náà ló jáde wá pàdé mi. Òun gan-an ni, ṣùgbọ́n ó tóbi, ó lágbára, bí ẹni tí mo ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn ògiri tó wá yọ sí mi lójúkojú. Ẹnjiníà fi ọwọ́ bo imú lórí àga, ó ní kí n fi iná fóònù wo àárín àpótí náà àti ògiri.

Ẹyẹlé ti kọ́ ilé síbẹ̀. Kì í ṣe ilé kan. Wọ́n ti ń kọ́ ọ léra wọn lórí, igi wẹ́wẹ́, ọ̀rá, irun, ìgbẹ́ tó ti di pátákó. Ọ̀pá rọ́bà tó yẹ kó máa gbé omi mukayífù lọ sí ìsàlẹ̀ ti yọ, orí ilé ẹyẹ yẹn ló ti ń kán sí ní gbogbo ìgbà ooru, kò sì jẹ́ kí ohunkóhun níbẹ̀ gbẹ. Ẹyẹlé ńlá méjì ló kú síbẹ̀. Ìyẹ́ apá ọ̀kan há sáàárín páìpù, orí rẹ̀ ti já bọ́. Lábẹ́ wọn ni àwọn ọmọ wà, tí kò tíì níyẹ̀ẹ́, tí n kò lè ka iye wọn torí wọ́n ti wọnú ara wọn. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ti dúdú, àwọn tó wà lókè ṣì ń rà. Bí mo ṣe fi búrọ́ọ̀ṣì kàn án, ìdin dà síta bí ìrẹsì láti inú àpò tó ya. Ihò tí páìpù gbà wọ inú ilé wà lókè wọn gan-an. Ó fẹ̀ tó ọwọ́ èèyàn, kò sí ohun tó dí i. Ní òdìkejì ihò náà ni mo máa ń ká aṣọ tí mo bá lọ̀ tán sí.

Mo bì sínú garawa omi tí mo gbé wá. Nígbà tí mo gbójú sókè, Ẹnjiníà kò wo ẹyẹ mọ́, èmi ló ń wò. Ó ní, “Òórùn náà nìyí.” Lẹ́yìn náà ó pe ìyàwó rẹ̀.

Àlàájà fi ìborí bo imú, ó yọjú, ó wò ó. Ó wò ó pẹ́. Mo dúró, búrọ́ọ̀ṣì wà lọ́wọ́ mi, ìdin ń gun ọwọ́ mi bọ̀, mo ń retí ọ̀rọ̀ kan. N kò retí ẹkún. “Pẹ̀lẹ́” ì bá tó mi. Ó ní, “Kó o sínú ọ̀rá méjì, kó o so ó dáadáa. Àlejò ń bọ̀ kí wọ́n tó pe ìrun Magaríbì.”

Mo kó o. Ọwọ́ ni mo fi kó èyí tó lẹ̀ mọ́ ilẹ̀, torí búrọ́ọ̀ṣì kò ká a. Mo ṣe iṣẹ́ náà dópin, gẹ́gẹ́ bí Ẹnjiníà ṣe kọ́ mi. Mo fọ àwọn irin náà títí omi fi mọ́, mo dá ọ̀pá rọ́bà padà sáyè rẹ̀, mo fi símẹ́ǹtì funfun tí Ẹnjiníà pò fún mi dí ihò ògiri. Nígbà tí oòrùn ti mú un gbẹ, mo bò ó, mo so okùn rẹ̀. N kò ṣe é nítorí wọn. Mo fẹ́ kó mọ́ débi pé bí yàrá yẹn bá tún rùn, kò ní sí àríyànjiyàn.

Lẹ́yìn náà mo lọ bá Àlàájà nínú pálọ̀. Ó ń to kọ́ọ̀pù tíì fún àlejò. Mo ní, “Àlàájà, ẹ rántí Ìyá Ràmátù?”

Kò tilẹ̀ dáwọ́ dúró. Ó ní, “Mo rántí wọn. Ṣebí ìwọ lo sọ pé àwọn ni.”

Mo ti kó gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ sẹ́nu. Mo ti fẹ́ bi í bóyá ó ń bẹ̀rù Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ. Láti oṣù mẹ́fà ni mo ti ń kórìíra rẹ̀, mo sì rò pé ìkórìíra yẹn ti fi mí sí apá kan, ó fi òun sí apá kejì. Apá kan náà ni àwa méjèèjì wà lọ́jọ́ tí wọ́n lé ìyá. Mo wọ yàrá aṣọ, mo kó báàgì mi. Ẹnjiníà bá mi dé ẹnu ọ̀nà, ó ní kí n má bínú, kí n dúró, gbogbo rẹ̀ ti yanjú. Mo ní kò tíì yanjú, Ọ̀gá. N kò padà síbẹ̀ mọ́.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo bá àwọn obìnrin kan wọ mọ́tò lọ sí Mẹ́kà. Ẹ̀rù ibi tí wọ́n ti ń wo ìwé lójú ọ̀nà bà mí, ṣùgbọ́n wọn ò dá wa dúró. Ní Nakkásà, àdúgbò kan ní Mẹ́kà tó wà lórí òkè, ilé wọnú ilé, àtẹ̀gùn ló so wọ́n pọ̀, omi mukayífù sì ń kán séèyàn lórí ní gbogbo kọ̀rọ̀. Mo béèrè títí mo fi dé ilé Ràmátù. Àwọn ọmọ-ọmọ ìyá ló ṣílẹ̀kùn, wọ́n fi Lárúbáwá ní kí n wọlé. Ìyá jókòó lórí àpótí nínú kọ̀rọ̀, ó jìnnà sí wọn. Ó ti rù.

Mo kúnlẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pa mọ́: ohun tí Àlàájà bi mí nínú ilé ìdáná, èsì tí mo fún un, àwọn ẹyẹlé, ihò ògiri. Mo sọ pé mo sùn síbi tí ẹní rẹ̀ ti máa ń wà. Kò dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu.

Ó wá sọ fún mi, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń ròyìn ọ̀rọ̀ ẹlòmíì, pé láti ìgbà tí òun ti dé Mẹ́kà, òun ò tíì gbé ọmọ-ọmọ òun kékeré mọ́ra. Ó ní òun ò tíì dé Háráàmù, mọ́sálásí ńlá tí Kábà wà nínú rẹ̀, láti kírun, bó ti wù kó sún mọ́ tó, kí òun má baà fi òórùn da àdúrà ẹni tó dúró ti òun rú. Ìyá tó lo ju ogún ọdún lọ ní ilẹ̀ yẹn nítorí Háráàmù náà. Ó ní, “Ẹ̀yin méjèèjì lẹ sọ fún mi pé mò ń rùn. Ti Àlàájà ò dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Ìwọ tó o dákẹ́ ni mo gbà gbọ́.”

Mo ní kó dárí jì mí nítorí Ọlọ́run.

Ó ní, “Kò tíì tán nínú mi. N kò ní í parọ́ fún ọ.” Ó wá gba omi àlùwàlá lọ́wọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó fọ ọwọ́, ó fọ ojú, ó fọ ẹsẹ̀, ó sì na kẹ́tù omi náà sí mi pé kí èmi náà ṣe é, Àsárì ti ń sún mọ́.

A sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè. Ó di èjìká mi mú nítorí àtẹ̀gùn. A wọ mọ́tò, a fi ẹsẹ̀ rin èyí tó kù. Nígbà tí a dé ibi tí àwọn obìnrin ń tò sí nínú Háráàmù, ó dúró lẹ́yìn gbogbo wọn, bí ẹni tó fẹ́ padà. Àyè èèyàn méjì ṣì wà nínú ìlà tó wà níwájú wa. Mo wọ ọ̀kan. Ó pẹ́ kó tó wọ èkejì. Nígbà tó wọ̀ ọ́, ó fi àyè sílẹ̀ láàárín òun àti obìnrin tó wà ní ọ̀tún rẹ̀, àjèjì kan tó sanra, tí òórùn mẹ́ńtọ́láàtù ń jáde lára rẹ̀. Obìnrin náà kò wò ó. Ó kàn na ọwọ́, ó fa ìyá mọ́ra, bí a ṣe ń fa aṣọ tó ká sókè lórí ẹní, èjìká rẹ̀ sì kan ti ìyá.

Mo rí ìyá tó ṣíjú wò ó. Mo rí i tó ń dúró de kí obìnrin náà yẹra. Obìnrin náà kò yẹra. Nígbà náà ni Ìyá Ràmátù na ọwọ́ òsì rẹ̀ láìwo ojú mi, ó di apá mi mú, ó fa èmi náà.

Ó ní, “Sún mọ́ mi. Kò gbọdọ̀ sí àyè.”

Lèmọ́mù kábírà, ìrun sì bẹ̀rẹ̀.